Ta Ló Jókòó Ti Àpótí Owó? Àgbéyẹ̀wò Iṣẹ́ Obìnrin Oníjàkadì

Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹjọ ọdún 2021, obìnrin méjì tí gbòǹgbò àwọn méjèèjì wà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kojú ara wọn lórí màátì ní Makuhari Messe, nítòsí Tokyo. Góòlù Òlíḿpíìkì fún àwọn obìnrin oníkílò 68 ni wọ́n ń dù. Blessing Oborududu, ọmọ ẹ̀yà Ijaw láti Ìpínlẹ̀ Bayelsa, ló dúró fún Nàìjíríà. Tamyra Mensah-Stock, tí wọ́n bí ní Chicago, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ghana, ló dúró fún Amẹ́ríkà. Máàkì mẹ́rin sí ọ̀kan ni ìjà náà parí sí. Ọmọ Amẹ́ríkà gba góòlù, fàdákà bọ́ sọ́wọ́ Oborududu. Láti ìgbà tí Nàìjíríà ti ń lọ sí Òlíḿpíìkì, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó gba àmì-ẹ̀yẹ kankan bọ̀ nídìí ìjàkadì.

Ọ̀rọ̀ tèmi bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé àmì-ẹ̀yẹ kọ́ àwọn méjèèjì lọ́rùn. Àwọn oníjàkadì Amẹ́ríkà ní àpò owó kan tí àwọn olówó wọn ń dá sí: 250,000 dọ́là ni ẹni tó bá gba góòlù ń rí níbẹ̀, 50,000 ni ti fàdákà. Mensah-Stock kò tíì kúrò ní Japan tó fi sọ fún àwọn oníròyìn pé òun yóò yọ 30,000 dọ́là fún ìyá òun, kó fi ra ọkọ̀ tí yóò máa fi ta oúnjẹ kiri. Ìlérí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe fún àwọn ọmọ Nàìjíríà ni 15,000 dọ́là fún góòlù, 10,000 fún fàdákà, 7,500 fún idẹ. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Ká tiẹ̀ ní Oborududu ló borí lọ́jọ́ náà, owó góòlù rẹ̀ kò ní tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ti ẹnìkejì rẹ̀.

Nígbà tó fi di 2023, Mensah-Stock ti wọ ilé-iṣẹ́ WWE, àwọn tí à ń wo ìjàkadì wọn lórí tẹlifíṣàn. Tyra Mae Steele ni wọ́n wá ń pè é níbẹ̀. Oborududu padà sórí màátì. Ó gba góòlù Commonwealth ní Birmingham ní 2022. Ó tún dé Paris ní 2024 nígbà tó ti pé ọmọ ọdún 35, Nonoka Ozaki ọmọ Japan sì borí rẹ̀ nínú ìjà tí wọ́n fi ń wá idẹ. Iṣẹ́ kejì ti wà nílẹ̀ de ẹnì kan. Ẹnìkejì kò rí ju ti àkọ́kọ́ yẹn náà ṣe.

Bí irú ọ̀rọ̀ báyìí bá délẹ̀ ní Òde-Ayé níbí, nílẹ̀ Ìkálẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ibi tí àríyànjiyàn sábà máa ń fì sí ni pé ṣé ó yẹ kí obìnrin máa jìjàkadì. Lójú tèmi, ẹjọ́ yẹn ti tán tipẹ́. Láti 1987 tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe ìdíje àgbáyé tiwọn ní Lørenskog, lórílẹ̀-èdè Norway, ni àwọn obìnrin ti ń gba adé. Òlíḿpíìkì ṣílẹ̀kùn fún wọn ní Athens ní 2004, Commonwealth ní Delhi ní 2010. Ẹ sì jẹ́ ká sọ tòótọ́: ní ìlú tí Halu ń jọba lé lórí yìí, ọmọbìnrin tó ń gbé ẹ̀gẹ́ rírẹ láti etí odò wá sílé, tó ń fún omi rẹ̀ dànù, tó ń mọ pupuru sókè iná, tó tún ń ti ọmọlanke ẹyìn lórí ọ̀nà oníyanrìn, ọrùn rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ àti itan rẹ̀ ti gba ẹ̀kọ́ tí kóòṣì kankan kò tíì kọ́ ọ. Ìbéèrè tó kù ni ti iṣẹ́. Bí ó bá fi agbára yẹn ṣòwò, ta ni yóò jókòó ti àpótí owó?

Ọ̀nà tó hàn sí ojú gbogbo ènìyàn ni ọ̀nà Àkúrẹ́. Eré ìdárayá ilé-ìwé ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Tíṣà kan á kíyè sí i, orúkọ rẹ̀ á dé ìjọba ìbílẹ̀ ní Òkìtìpupa. Bí orí bá bá a ṣe é, á gba Òrè kọjá lọ sí ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ eré ìdárayá ìpínlẹ̀ ní Àkúrẹ́. Láti ibẹ̀, àjọ̀dún eré ìdárayá gbogbo Nàìjíríà, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Èkó ní 1973, ni ilẹ̀kùn tí à ń gbà wọ àgọ́ orílẹ̀-èdè. Àwọn kan a rí iṣẹ́ gbà lẹ́nu rẹ̀, ní Civil Defence, nínú iṣẹ́ ológun tàbí ọlọ́pàá, níbi tí wọ́n ti ń gba owó oṣù tí wọ́n sì ń jìjàkadì lórúkọ ilé-iṣẹ́ wọn. Ẹni tí kò bá rí irú rẹ̀ á máa retí owó oúnjẹ àgọ́, èyí tó ń dé nígbà tó bá wù ú.

Ẹni tó rin ọ̀nà yìí jìnnà jù nínú àwọn ọmọ Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni Ọdúnayọ̀ Adekuoroye. Ó gba góòlù Commonwealth lẹ́ẹ̀mẹta léra: Glasgow ní 2014, Gold Coast ní 2018, Birmingham ní 2022. Níbi ìdíje àgbáyé, ó gba idẹ ní Las Vegas ní 2015, fàdákà ní Paris ní 2017, idẹ mìíràn ní Nur-Sultan ní 2019. Ìwọ̀nba obìnrin ni irú ìtàn yìí wà lọ́wọ́ wọn ní gbogbo Áfíríkà. Síbẹ̀, Òlíḿpíìkì kò gbà fún un. Ní Tokyo, ó ti ń ṣíwájú Anastasia Nichita ọmọ Moldova kí ẹni yẹn tó yí i dà tó sì fi èjìká rẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀, níbi ìjà àkọ́kọ́ gan-an. Ní oṣù kẹta 2024, ní Alexandria ní Íjíbítì, níbi tí àwọn ará Áfíríkà ti ń wá tíkẹ́ẹ̀tì Paris, òṣùwọ̀n ló dá a dúró: ó fi díẹ̀ wúwo ju kílò 57 lọ.

Ó yẹ kí n dúró díẹ̀ lórí òṣùwọ̀n yìí, nítorí àwọn tí kò mọ̀ ọ́n a máa sọ pé àìmúra ni. Oníjàkadì kì í jà ní ìwọ̀n tí ara rẹ̀ wà lójoojúmọ́. Ó lè fi kílò mẹ́ta tàbí mẹ́rin ga ju ìsọ̀rí rẹ̀ lọ, kó wá fi ọjọ́ mélòó kan yọ ọ́ kúrò: ó dín omi kù, ó dín iyọ̀ kù, ó ń wọ ṣẹ́wẹ́tà sáré lójú oòrùn, ó ń tutọ́ sínú ike. Tẹ́lẹ̀, ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ìjà ni wọ́n ń wọn wọ́n, tí wọ́n á sì rí gbogbo òru fi jẹun padà. Láti 2018, àárọ̀ ọjọ́ ìjà ni. Ẹni tí ìdíje rẹ̀ bá sì wọ ọjọ́ kejì á tún gun òṣùwọ̀n náà láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ní Paris ní 2024, Vinesh Phogat ọmọ Íńdíà ti ja títí ó fi dé ìparí ìsọ̀rí kílò 50. Láàárọ̀ ọjọ́ tí yóò jà fún góòlù, 100 gíráàmù ló fi lé. Wọ́n lé e dànù, kò sì gba nǹkan kan. Oníṣẹ́ wo ni ẹ tún mọ̀ tí wọ́n ń gba owó iṣẹ́ rẹ̀ padà nítorí ife omi tí kò tó ààbọ̀? Phogat kan náà yìí ló sùn sójú títì ní Delhi ní 2023 pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n fẹ̀sùn ìfìtínà obìnrin kan ààrẹ ẹgbẹ́ oníjàkadì Íńdíà. Ẹni tó ni àgọ́, tó ni kóòṣì, tó ni ìwé ìrìnnà, ọwọ́ rẹ̀ gùn.

Nílé wa níbí, nǹkan kan wà tó jọ ọjà nínú ọ̀rọ̀ yìí, àwọn aláṣẹ kì í sì í fẹ́ ká dárúkọ rẹ̀. Bí àjọ̀dún orílẹ̀-èdè bá ti ń sún mọ́, àwọn ìpínlẹ̀ tó lówó a máa ra oníjàkadì lọ́dọ̀ àwọn tí kò ní. Ọmọ ìpínlẹ̀ kan a gbé aṣọ ìpínlẹ̀ mìíràn wọ̀, a gba góòlù fún wọn, ilé rẹ̀ á máa pariwo pé ó dalẹ̀. Èmi kò bá irú wọn bínú rárá. Láàárín ọdún méjì gbáko, ọ̀sẹ̀ mélòó kan yìí ni ìgbà kan ṣoṣo tí oníjàkadì máa ń jókòó tí á fi ẹnu ara rẹ̀ dá iye lé ara rẹ̀. Gbogbo èyí tó kù, ẹ̀bùn ni. Ẹ̀bùn sì lè tóbi: ní oṣù keje 2025, iye tó tó 100,000 dọ́là ni ìjọba àpapọ̀ kéde fún ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn Super Falcons tó gba ife Áfíríkà, pẹ̀lú ilé. Inú mi dùn fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń retí ẹ̀bùn kò lè fi í sanwó ilé-ìwé ọmọ, nítorí kò mọ ọjọ́ tí yóò dé tàbí bóyá yóò dé.

Ẹ jẹ́ ká kọjá sí ìjàkadì kejì, ti inú ríìngì. Àwa ènìyàn sábà máa ń pò ó pọ̀ mọ́ ti àkọ́kọ́. Lórí màátì, kò sí ẹni tó mọ ẹni tí yóò borí. Nínú ríìngì, wọ́n ti mọ̀ kí aago tó lù. Ní 1989, WWE, tó ń jẹ́ WWF nígbà náà, ló fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ níwájú àwọn aṣòfin New Jersey pé fàájì ni àwọn ń ṣe, pé kì í ṣe ìdíje, kí wọ́n lè bọ́ lọ́wọ́ owó orí àti ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ìjà ẹ̀ṣẹ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ di owó ni òótọ́ jáde. Síbẹ̀, ẹni tó bá rò pé ara kì í dùn wọ́n, kó lọ ṣubú lẹ́ẹ̀kan. Pákó tí wọ́n tẹ́ sórí irin ló wà lábẹ́ aṣọ ríìngì, fóòmù àárín wọn kò sì nípọn. Wọ́n ń kọ́ni láti ká àgbọ̀n mọ́ àyà kí ìpàkọ́ má baà gbálẹ̀, láti fi apá méjèèjì gbá ilẹ̀ kí ipá ìṣubú lè pín káàkiri ara. Ìṣubú ni wọ́n ń kọ́ fún oṣù bíi mélòó kan kí wọ́n tó kọ́ bí a ṣe ń gbé ẹlòmíì. Nígbà tí wọ́n bá sì gbé ọ sókè, ọrùn rẹ wà lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe bí ọ̀tá rẹ. Mi ò mọ iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n ti ń fọkàn tán ọ̀tá tó bẹ́ẹ̀.

Ìsàlẹ̀ iṣẹ́ yìí ni àwọn agbo àdáni, èyí tí kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ ńlá kankan. Ẹnì kan ló pagbo: ó yá gbọ̀ngàn, ó ta tíkẹ́ẹ̀tì, ó pe oníjàkadì mẹ́wàá tàbí ogún. Alẹ́ kan ni àdéhùn wọn, owó alẹ́ kan ló sì ń san. Obìnrin tó wà nídìí rẹ̀ a wa mọ́tò fún wákàtí mẹ́fà, a ja fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, a wá dúró nídìí tábìlì lẹ́yìn eré, a máa ta fọ́tò àti ṣẹ́ẹ̀tì tí orúkọ rẹ̀ wà lára. Lọ́pọ̀ alẹ́, tábìlì yẹn ló ń san owó epo padà. Bí eegun bá ṣẹ́, àpò rẹ̀ ni owó ilé ìwòsàn ti ń jáde, nítorí òfin kà á sí ẹni tó dá dúró fúnra rẹ̀. Ọ̀sán Àìkú ló ń padà délé, àárọ̀ Ajé ó ti wà níbi iṣẹ́ mìíràn.

Ìtàn àwọn obìnrin tó kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ la ọ̀nà yìí ni mo rò pé ó yẹ kí àwọn òbí nílẹ̀ Ìkálẹ̀ gbọ́. Mildred Burke, tí wọ́n bí ní Kansas ní 1915, jẹ́ agbóúnjẹfúnni nílé oúnjẹ, tó ń dá tọ́ ọmọ, nígbà tó pàdé Billy Wolfe. Wolfe kọ́ ọ ní ìjàkadì, ó sì fẹ́ ẹ. Ó mú un kiri àwọn ìpàtẹ ìlú kéékèèké, níbi tí ọkùnrin tó bá rò pé òun lè dá a mọ́lẹ̀ ti ń bọ́ síwájú fún owó. Púpọ̀ wọn ló fẹ̀yìn kanlẹ̀. Ní 1937 ó di akọni obìnrin àgbáyé, ó sì wà lórí oyè yẹn fún bí ọdún mẹ́tàdínlógún. Wolfe ló ń gba owó. Wolfe ló ń bá àwọn tó ń pagbo sọ̀rọ̀. Wolfe ló ń pín ìyókù fún ìyàwó rẹ̀ àti fún àwọn ọmọbìnrin mìíràn tó kó jọ. Nígbà tí ìgbéyàwó náà tú, Burke rí i pé àwọn ilẹ̀kùn ti tì: ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀ ni gbogbo àwọn tó ń pagbo. Ní 1954, ní Atlanta, wọ́n gbé June Byers dojú kọ ọ́, wọ́n sì lo èsì ìjà náà láti gba oyè lórí rẹ̀.

Bí ìtàn yìí bá dún létí ẹni bí èyí tó mọ̀, kò yà mí lẹ́nu. Hubert Ogunde dá ẹgbẹ́ eré rẹ̀ sílẹ̀ ní 1945, ìdààmú tó kọ́kọ́ bá a sì ni pé kò rí obìnrin. Bàbá wo ni yóò jẹ́ kí ọmọbìnrin rẹ̀ bá alárìnjó lọ, tí wọ́n ń sùn sí ìlú onílùú, tí àwọn ènìyàn ń pè ní alágbe? Bí Ogunde ṣe yanjú rẹ̀ ni pé ó fẹ́ àwọn òṣèrébìnrin rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ eré tó tẹ̀lé e ṣe bákan náà. Mo mọ̀ pé ọ̀wọ̀ Ogunde pọ̀ láàárín wa, èmi náà bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ìgbéyàwó yẹn ṣe nídìí owó: obìnrin tó ń kọrin, tó ń jó, tó ń sọ ọ̀rọ̀ tí èrò wá gbọ́, di aya nílé, a kì í sì í sábà san owó oṣù fún aya. Ẹni tó ni ọkọ̀, tó ni jẹnẹrétọ̀, tó ni ìyàwó, òun ló jókòó ti àpótí. Wolfe àti àwọn bàbá alárìnjó kò mọ ara wọn rí, wọ́n sì dọ́gbọ́n kan náà.

Ẹnì kan lè wá sọ pé bí obìnrin bá jókòó ti àpótí, ọ̀rọ̀ á yí padà. Lillian Ellison ni ìdáhùn mi. The Fabulous Moolah ni wọ́n ń pè é. Ó gba oyè ní 1956, ó sì di í mú títí di 1984, àyàfi ìgbà díẹ̀ tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín. Nílé rẹ̀ ní Columbia, South Carolina, ló ti ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti ń yá ilé gbé, òun ló ń bá wọn wá ìjà, tó sì ń yọ bí ìdá kan nínú mẹ́rin owó wọn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wendi Richter ló gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1984, ní Madison Square Garden, lójú àwọn tó ń wo tẹlifíṣàn MTV. Ìlú New York yẹn kan náà kò gbà kí obìnrin jìjàkadì fún owó títí di 1972. Richter di olókìkí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí bèèrè owó tó bá òkìkí rẹ̀ mu. Ní oṣù kọkànlá 1985, wọ́n gbé obìnrin kan tó fi ìbòjú bo ojú dojú kọ ọ́, tí wọ́n pè ní Spider Lady. Láìjẹ́ pé wọ́n bá a ṣe àdéhùn rẹ̀, adájọ́ kà á mọ́lẹ̀ wéréwéré. Richter fa ìbòjú náà ya, Moolah ló bá níbẹ̀. Ó jáde kúrò nínú ilé lóru náà pẹ̀lú aṣọ ìjà lára. Nígbà tí WWE fẹ́ fi orúkọ Moolah sọ ìdíje kan ní 2018, ariwo àwọn tó rántí bó ṣe lo àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ pọ̀ débi pé wọ́n yí orúkọ náà padà láàárín ọjọ́ mélòó kan.

Àwọn aláwọ̀ dúdú wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Babs Wingo, Ethel Johnson àti Marva Scott, ọmọ ìyá kan náà, wọ agbo Wolfe ní àwọn ọdún 1950. Wọ́n kó èrò jọ ní àwọn ìlú tí wọn kò ti lè sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì tàbí jókòó jẹun pẹ̀lú àwọn tó sanwó wò wọ́n. Ọdún 2021 ni WWE tó kọ orúkọ Ethel Johnson sínú ìwé àwọn akọni rẹ̀, lẹ́yìn tó ti kú. Ọdún yẹn náà ni Bianca Belair àti Sasha Banks ja ìjà tó kẹ́yìn alẹ́ àkọ́kọ́ WrestleMania, àpèjọ WWE tó tóbi jù lọ́dún, obìnrin dúdú méjì níwájú gbogbo ayé.

Ní Japan, àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Matsunaga dá ẹgbẹ́ obìnrin nìkan sílẹ̀ ní 1968. Òfin ibẹ̀ nígbà náà ni pé kò sí ọtí, kò sí sìgá, kò sí ọkùnrin; bí ọmọbìnrin bá sì pé ọdún 26, ó ti tó kó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Chigusa Nagayo, tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń sunkún tẹ̀lé ní àwọn ọdún 1980, kúrò níbẹ̀ nítorí òfin yẹn. Ó padà wá dá ẹgbẹ́ GAEA tirẹ̀ sílẹ̀ ní àárín àwọn ọdún 1990.

Nítòsí wa, Senegal ló ṣe é ní ọ̀nà tó ta mí lára jù. Láàárín àwọn Jola ní Casamance, ọmọbìnrin ń jìjàkadì ní gbangba níbi ọdún ìbílẹ̀, kò sí ẹni tó ń bi í bóyá ó yẹ. Ibẹ̀ ni Isabelle Sambou ti wá, láti abúlé Mlomp. Ó gba adé Áfíríkà lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, ó sì ṣe ipò karùn-ún ní Òlíḿpíìkì London ní 2012. Ṣùgbọ́n ní Dakar, níbi tí ìjàkadì laamb ti di ọjà ńlá, tí wọ́n kọ́ pápá tirẹ̀ sí Pikine, tí owó ìjà kan ṣoṣo fún àwọn àgbà wọn ti ju 100 mílíọ̀nù fáráǹkì CFA lọ rí, obìnrin kì í wọ agbo. Níbi tí kò ti sí owó, ìjàkadì jẹ́ ti tọkùnrin-tobìnrin. Níbi tí owó wà, a rí èèwọ̀.

Mo wá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó gba àpótí. Ní El Alto ní Bolivia, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún yìí, àwọn obìnrin tó wọ aṣọ àwọn ìyá ìbílẹ̀ wọn, síkẹ́ẹ̀tì onípele púpọ̀ àti irun dídì méjì, ń fo láti orí okùn ríìngì lọ́jọ́ Àìkú. Juan Mamani ló pagbo fún wọn, òun náà ló ń gba owó àwọn òyìnbó arìnrìn-àjò tó ń wá wò wọ́n. Carmen Rosa àti àwọn mélòó kan lára wọn rí i pé owó tó ń kan àwọn kò tó nǹkan, wọ́n sì ya kúrò. Fíìmù Mamachas del Ring, tó jáde ní 2009, sọ bí ìyà ṣe jẹ wọ́n kí wọ́n tó rí gbọ̀ngàn, ríìngì àti ọlọ́pàá tí yóò fọwọ́ sí i. Ní Mukono ní Uganda, láti 2023, Daniel Bumba àti àwọn ọ̀dọ́ rẹ̀ ń jà lórí ilẹ̀ rírọ̀ tí wọ́n fi òpó igi àti okùn yí ká. Ọmọbìnrin wà lára wọn. Kò sí gbọ̀ngàn, kò sí tíkẹ́ẹ̀tì. Fóònù ló gbé wọn dé gbogbo ayé.

Ohun tó kù ni orúkọ. Orúkọ tí ilé-iṣẹ́ ńlá bá sọ oníjàkadì, ilé-iṣẹ́ ló sábà máa ń ni ín. Àwọn ọmọ Èkó méjì tí àwọn ọmọ wa ń wò ní WWE, Omos tí í ṣe Tolulope Omogbehin, àti Oba Femi tí í ṣe Isaac Odugbesan, tó ti kọ́kọ́ ju irin wúwo fún yunifásítì Alabama kó tó gba oyè NXT ti WWE ní 2025, orúkọ tí àwọn òbí wọn sọ wọ́n kọ́ ni ayé fi mọ̀ wọ́n. Sasha Banks mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Nígbà tó bá WWE jà ní 2022 tó sì jáde, ó fi orúkọ náà sílẹ̀. Mercedes Moné ni orúkọ tuntun tó sọ ara rẹ̀, ó sì ti gba oyè ní Japan pẹ̀lú rẹ̀ nígbà tó fi di oṣù kejì 2023. Ẹni tó ti gbajúmọ̀ lè ṣe irú rẹ̀. Ẹni tí kò tíì gbajúmọ̀ á padà di ẹni tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n.

Ṣé irú Mukono yẹn lè wà ní Òde-Ayé? Yanrìn wà, ọparun wà, okùn kò wọ́n. Ohun tí n kò rí ni géètì, nítorí pé nílẹ̀ wa, èrò kì í sanwó kó tó wòran. Ó máa ń wòran ná. Bí ó bá dùn mọ́ ọn, á dìde, á lọ lẹ owó mọ́ ẹni tó ń ṣe é níwájú orí. Ká wí, ká fọ̀, ètò tó dára nìyẹn fún òṣìṣẹ́: owó náà fò kọjá ẹni tó pagbo, ó balẹ̀ sára ẹni tó làágùn. Billy Wolfe kì bá tí rí àpótí jókòó tì. Ṣùgbọ́n òfin báńkì àpapọ̀ ti 2007 sọ náírà níná lóde ayẹyẹ di ẹ̀ṣẹ̀. Ní oṣù kẹrin 2024, ilé-ẹjọ́ kan ní Èkó sọ Bobrisky, gbajúmọ̀ orí ayélujára nì, sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà nítorí rẹ̀. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ onílù àti akọrin ló ti ń kọ nọ́ńbà àkáǹtì sára ìlù tàbí sábẹ́ fídíò wọn. Bí ọmọbìnrin Ìkálẹ̀ kan bá bẹ̀rẹ̀ sí jà lórí yanrìn lọ́la, tí fídíò rẹ̀ sì dé orí fóònù mi, orúkọ tó wà níwájú nọ́ńbà àkáǹtì yẹn ni màá kọ́kọ́ kà, kí n tó wo ìjà.